Káàdì Méjì fún Ilé Adìyẹ Kan

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Èmi mọ ẹjọ́ mi lẹ́bi. Mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, kì í ṣe kí ẹ lè bá mi sunkún, bí kò ṣe pé ohun tí mo ṣe lè ti dé orí tábìlì oúnjẹ yín kí n tó rí ẹnu sọ ọ́.

Alábòójútó oko adìyẹ ni mí nígbà náà. Ilé adìyẹ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjì adìyẹ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, adìyẹ elẹ́ran tí à ń tà lọ́sẹ̀ kẹfà. Ìyá Adìyẹ ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà sì dùn mọ́ mi létí ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Obìnrin tó ni oko náà, Ìyá Olóko, kì í fi ìlànà rẹ̀ ṣeré. Káàdì kan ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ kọ̀ọ̀kan, a fi okùn so ó mọ́ ìṣó. Ẹni tó bá fún adìyẹ lóògùn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ oògùn náà síbẹ̀, kó kọ ọjọ́, kó sì fọwọ́ sí i. Adìyẹ tó bá ti gba oògùn kò ní jáde lóko títí iye ọjọ́ tí dókítà ẹran dá yóò fi pé, a kì í sì í dì í sínú ọ̀rá tiwa. Lára ọ̀rá tí a fi ń di adìyẹ wa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: "Adìyẹ tí kò mọ oògùn."

Àbúrò mi obìnrin ń bá mi ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ là ń pè é, torí pé kò sí bó ṣe jẹun tó, kò hàn lára rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo sì tọ́ ọ dàgbà. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó ku ọdún kan péré kó parí. Á bá mi fọ àwo omi àwọn adìyẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, lẹ́yìn náà á wẹ̀, á sì gba ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ilé kẹta ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá òròmọdìyẹ mọ́kàndínlógún nílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sókè. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti di mọ́kànlélógójì.

Mo pe Dókítà Ẹran lórí fóònù. Ó ní kí n kó lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ń sùn lé dànù, kí n ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, kí n mú ilé náà móoru, òun á dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin láti yẹ̀ wọ́n wò.

Ìyá Olóko náà pe èmi. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ohùn rẹ̀ kì í le nígbà tí inú bá ń bí i.

"Ìyá Adìyẹ, bí ilé kẹta bá kú dànù, màá wá ẹni tó mọ iṣẹ́ sí i. Wàá máa bá a ru oúnjẹ adìyẹ."

Èmi tí mo ti ń pàṣẹ fún ènìyàn mẹ́fà! Kí n wá máa ru àpò lójú wọn! Oorun ò kùn mí lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kejì gan-an ni Alápò yọ sí mi. Ọkùnrin tó ń gun alùpùpù kiri oko ni, àpò awọ kan ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í bọ́ sílẹ̀. Mo ti lé e lẹ́nu ọ̀nà wa tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

"Ìyá Adìyẹ, ẹ kú ìdààmú."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo wà nínú ìdààmú?"

"Òórùn ni."

"Kí ló wà nínú àpò yẹn?"

"Ìsinmi ni."

Ó yọ ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n kọ orúkọ oògùn sí lára jáde, ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú ló wà nínú rẹ̀. Ṣíbí méjì sínú garawa omi kan, fún ọjọ́ márùn-ún, ó parí.

"Oko wa kì í lo oògùn," mo wí.

"Mo mọ̀. Àwọn oko tí kì í lo oògùn ni oníbàárà mi tó dára jù."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mo bi í bóyá mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí káàdì.

"Ẹ̀yin lẹ ni bírò," ni Alápò wí, ó sì wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

Mo gbà á. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ikú dín sí mẹ́rin. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò sí òkú kankan nílẹ̀, àwọn òròmọdìyẹ ń sáré, wọ́n ń gba oúnjẹ lẹ́nu ara wọn. Mo jókòó sórí garawa, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá ṣe ohun tí mo rò pé ọgbọ́n ni. Mo dá oògùn náà dúró lọ́jọ́ kẹta dípò ọjọ́ karùn-ún, mo tọ́jú èyí tó kù de àwọn tó ń bọ̀. N kò fẹ́ fi nǹkan ṣòfò.

Nígbà tí Dókítà Ẹran dé, ó bá ilé tó gbẹ àti adìyẹ tó dá ṣáṣá. Ó yin ìmọ́tótó mi. N kò kọ nǹkan kan sí káàdì.

Láti ìgbà náà, tí òròmọdìyẹ kan bá ti sín, mo ti bu ìyẹ̀fun sómi. Nígbà míì wọn kì í sín pàápàá, màá bù ú sí i kí wọ́n má baà sín. Ṣíbí kan dípò méjì, ọjọ́ méjì dípò márùn-ún. Ó wá dé ibi tí n kò fi rántí ilé tó gbà á àti ilé tí kò gbà á mọ́. Ìgbà yẹn ni mo mú káàdì mìíràn, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹnu ọ̀nà, mo ń kọ òtítọ́ síbẹ̀ fún ara mi. Káàdì olóòótọ́ ń gbé inú agolo kan lẹ́yìn àpò oúnjẹ ní ilé kẹta. Káàdì onírọ́ ń fẹ́ lẹ̀ẹ̀lẹ̀ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ́ tónítóní.

Tẹ́ẹ́rẹ́ bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé àwo omi kan dání, ó ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí omi yìí fi pupa báyìí?"

"Fítámì ni."

"Fítámì ló ń lẹ̀ mọ́ páànù tó yìí?"

"Ṣé ìwọ tó ń kọ́ aṣọ rírán lo fẹ́ kọ́ mi ní adìyẹ sísìn?"

"Ẹ má bínú, mà." Ó tẹrí ba, ó ń fọ àwo rẹ̀ lọ. Kò béèrè mọ́.

Àdánù ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá kéré ju ti oko èyíkéyìí tí Ìyá Olóko mọ̀. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó sọ mí di alábòójútó àgbà lójú gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Orí mi wú. Mo dúpẹ́, mo sì sọ fún wọn pé àṣírí iṣẹ́ náà kò ju kí èèyàn máa tètè jí lọ. Ẹ wo ẹnu tí mo fi sọ ọ́!

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyẹ̀fun pupa kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo bu ṣíbí méjì, mo bu mẹ́ta, adìyẹ ń kú. Alápò mú ìyẹ̀fun funfun wá. Ìyẹn náà ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ó sì kọ̀. Ó wá mú ìgò kékeré kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ fọgbọ́n lò ó, Ìyá Adìyẹ. Èyí ni wọ́n ń fún èèyàn ní ọsíbítù nígbà tí èyí tó kù bá ti kọ̀. Lẹ́yìn èyí, kò sí nǹkan kan nínú àpò mi mọ́."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, bó bá dára fún èèyàn, á dára fún adìyẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Dókítà Ẹran wá. Ó ka káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe máa ń ṣe, ó dà wọ́n kọ sínú ìwé pélébé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dojú àpótí kan délẹ̀, ó jókòó lé e.

"Ìyá Adìyẹ, ṣé adìyẹ tiyín nìkan ni kì í ṣàìsàn láyé yìí ni?"

"Ọwọ́ mi ló mọ́, dókítà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ń fi bírò gbá orúnkún rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Kòkòrò àrùn dà bí olè. Bí ẹ bá fi pàṣán nà án díẹ̀, tí ẹ wá tú u sílẹ̀ kó tó kú, ó ti mọ pàṣán yín nìyẹn. Bó bá padà wá, kò ní dùn ún mọ́. Á sì kọ́ ọmọ rẹ̀, á kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo olè àdúgbò ò bẹ̀rù pàṣán mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn oògùn apakòkòrò tí ẹ ń gbọ́ yìí rí. Olè yẹn ò sì mọ adìyẹ yàtọ̀ sí èèyàn."

"Hẹn-ẹn."

"Bí ohunkóhun bá wà tó yẹ kí n gbọ́, ẹ sọ ọ́. N kò ní bínú."

Ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi gbayawu. Mo ní kó bá mi kí ìyàwó rẹ̀ nílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Tẹ́ẹ́rẹ́ fi etí páànù gé ọwọ́ níbi tó ti ń fọ àwo omi ilé kẹta. Ọwọ́ ọ̀tún ni, láàárín ìka. Mo fi àkísà tó mọ́ dì í fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Abẹ́rẹ́ ti gún mi ju báyìí lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Lọ́jọ́rú, kò lè ká ọwọ́ náà. Nígbà tó fi di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti wú dé ọrùn ọwọ́, ó pọ́n, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò, ó sì ń pè mí ní màmá. Ìyá Olóko gan-an ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa dé ọsíbítù. Ó ń wakọ̀, ó ń gbàdúrà.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin tí kò tíì tó mi lọ́jọ́ orí, yẹ ọwọ́ náà wò, ó sì fi bírò fa ìlà kan yí apá Tẹ́ẹ́rẹ́ ká, díẹ̀ sókè ọrùn ọwọ́.

"Ìlà yìí la ó máa ṣọ́," ó wí. "Bí wíwú bá kọjá rẹ̀, a jẹ́ pé oògùn wa ò ràn án." Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ ní oko adìyẹ lẹ wà. Ṣé ẹ̀ ń fún àwọn adìyẹ ní oògùn apakòkòrò? Èwo ni? Mo ti gba nǹkan lójú egbò rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n èsì á tó ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì lè jókòó dè é. Mo fẹ́ mọ èyí tí màá fi bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Olóko dúró lẹ́yìn mi. Òun ló kọ́kọ́ fèsì.

"Oko tèmi kì í lo oògùn, dókítà. Ẹ bi í, òun ni alábòójútó."

Mo yanu. Òótọ́ wà lẹ́nu mi, mo mọ bó ṣe rí lórí ahọ́n. Mo ronú kan Ìyá Olóko lẹ́yìn mi, mo ronú kan àwọn ènìyàn mẹ́fà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí. "Fítámì nìkan."

Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣíjú wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan tó fi kọjú sí ògiri.

Nọ́ọ̀sì gbé ìgò oògùn kọ́, ó so ó mọ́ dírípù. Mo ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Orúkọ ìyẹ̀fun pupa ni, lẹ́tà kan ò yàtọ̀.

Ẹ gbọ́ o. Mo mọ̀ pé kò ní ràn án. Mo ti rí i tó kùnà lára ẹgbẹ̀rún méjì adìyẹ. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì náà, mò ń wò ó bó ṣe ń kán, tó, tó, tó, mo sì ń sọ fún ara mi pé èèyàn kì í ṣe adìyẹ.

Nírọ̀lẹ́, wíwú náà kan ìlà.

Mo dìde, mo lọ bá nọ́ọ̀sì nídìí tábìlì rẹ̀. Ó gbójú sókè. "Ẹ fẹ́ nǹkan kan ni?"

"Omi," mo wí. Ó bu omi fún mi. Mo mu ún, mo padà.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó ti fi ìbú ìka kan kọjá ìlà. Dókítà yọ ìgò àkọ́kọ́, ó gbé òmíràn kọ́. Mo tún ka orúkọ rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun. Mo tún dìde, mo tún lọ bá nọ́ọ̀sì, mo sì tún tọrọ omi. Nọ́ọ̀sì náà á ti máa rò pé òùngbẹ ló ń pa mí kú.

Kí ni mo ń dúró dè? Mò ń dúró kí oògùn kan ṣàánú mi, kó ṣiṣẹ́, kí àbúrò mi yè, kí irọ́ mi náà sì yè. Mo fẹ́ méjèèjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, orí ìka mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Dókítà kò fọkàn balẹ̀ mọ́. Ó pe Dókítà Ẹran, ìyẹn sì dé pẹ̀lú ìwé pélébé rẹ̀. Ìyá Olóko náà wá. Gbogbo wa dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká.

Dókítà Ẹran ṣí ìwé rẹ̀ láti ojú ewé dé ojú ewé. "Mo ti ń da káàdì wọn kọ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ẹyọ kan ò sí." Ó wò mí nígbà tó ń sọ ọ́, ó sì tún wo ìwé rẹ̀.

"Kò yé mi nígbà náà," ni dókítà obìnrin wí. "Kòkòrò tí kò tíì pàdé oògùn rí kì í lágídí tó báyìí. Ó dáa. Ó ku èyí tó lágbára jù lọ́wọ́ mi, òun ni màá fún un. Bí kò bá ràn án títí di àárọ̀ ọ̀la, a ó gé apá náà láti ìgúnpá, kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà lọ. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè múra sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ti gbé ìgò kẹta dé. Ìgò kékeré. N kò nílò kí n ka orúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bù ú fún ilé kẹta.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ létí.

"Àbúrò, ṣé ò ń gbọ́ mi? Ìwọ lò ń fọ àwo omi wọn. Kí ló máa ń wà nínú omi náà?"

Ètè Tẹ́ẹ́rẹ́ ti gbẹ, ó ti là. Ó fi ọwọ́ òsì di etí aṣọ mi mú.

"Fítámì ni, mà," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé fítámì ni."

Ọmọ tí iná ibà ń jó, tí wọ́n fẹ́ gé lápá, irọ́ mi ló ń bá mi dì mú!

"Irọ́ ni."

Wọ́n rò pé ẹlòmíì ló sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ti ń na ọwọ́ sí dírípù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má fún un níyẹn. Àwọn adìyẹ ti mu ún. Wọ́n ti mu àwọn méjì àkọ́kọ́ náà. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń mu wọ́n."

Nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà sílẹ̀.

"Kí lo wí?" ni Ìyá Olóko béèrè.

"Mo ní mo fún wọn lóògùn, mà. Mo fi pa mọ́. Káàdì ẹnu ọ̀nà, irọ́ ni. Èyí tó jẹ́ òótọ́ wà nínú agolo, lẹ́yìn àpò oúnjẹ, nílé kẹta. Ọjọ́ wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Dókítà Ẹran pa ìwé rẹ̀ dé. Ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ Ìyá Olóko, ó sì jáde. Ìyá Olóko ń wò mí bí ẹni pé àlejò ni mí, ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ẹ dárúkọ wọn," ni dókítà wí.

Mo dárúkọ wọn.

"Díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún un pè."

Mo tún un pè. Ó ń kọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó gbójú sókè.

"Mo bi yín léèrè lánàá. Mo bi yín kí n tó gún un lábẹ́rẹ́ kankan. Odidi ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni mo ti fi ń fún àbúrò yín ní omi lásán, ẹ̀yin sì jókòó síbí, ẹ̀ ń wò mí."

Mo wó lulẹ̀. Kò dá mi dìde, ó ti sáré lọ sídìí fóònù.

Oògùn àtijọ́ kan ló ń wá, èyí tí wọn kì í sábà lò mọ́ torí pé ó máa ń ni kíndìnrín lára. Kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ọsíbítù kejì kò ní in. Ọsíbítù kẹta ló ní in, wọ́n sì fi ọkọ̀ aláìsàn gbé e wá. Kí ó tó dé, Dókítà Ẹran ti dé pẹ̀lú káàdì inú agolo. Ó fi í lé dókítà lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì fi orí kan orí, wọ́n ń ka ohun tí mo kọ.

Wọ́n gbé Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ síbi iṣẹ́ abẹ nírọ̀lẹ́. Ìka mẹ́ta ni wọ́n gé lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ku àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín. Oògùn àtijọ́ náà ràn án. Wíwú náà dúró ní ìbú ìka mẹ́rin lókè ìlà bírò, kò lọ síwájú mọ́. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde lọ́jọ́ Àìkú, kòkòrò náà kọ oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Dókítà fi ìwé náà hàn mí. Ó ní bí mo bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀ ni, bóyá kò ní sí ìka tí wọn ó gé.

Ìyá Olóko ti oko náà pa. Ó lọ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan sí èkejì fúnra rẹ̀, ó sọ fún wọn pé ohun tí òun kọ sára ọ̀rá kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà.

"Ẹnu ara mi ni mo fi gbè ọ́ níwájú dókítà. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́."

Fóònù Alápò ò lọ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. N kò dẹ́bi fún Alápò. Òun kọ́ ló jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn oṣù kan tí a ti dé ilé, mò ń bá Tẹ́ẹ́rẹ́ wẹ ojú egbò rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní igun yàrá, ó ti fi aṣọ bò ó. Mo bi í ní ìbéèrè tí n kò lágbára láti bi í látẹ̀yìn.

"Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe fítámì?"

"Mo ti rí káàdì inú agolo tipẹ́. Ibi tí mo ti ń wá kànrìnkàn ni mo ti bá a."

"Kí ló dé tó ò sọ fún dókítà?"

"Ẹ ti dáhùn kí n tó yanu. Ṣé kí n wá pe ẹ̀gbọ́n mi lónírọ́ lójú ọ̀gá rẹ̀ ni?"

"Tẹ́ẹ́rẹ́, ò bá kú!"

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ nínú omi.

"Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ kí n tó kú ni."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà débi pé òun ló ń tù mí nínú. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí ní nǹkan tí n kò tíì rí ìdáhùn sí. Ó ní, "Àwọn tó jẹ adìyẹ wọ̀nyẹn ńkọ́? Àwọn tó ń kun wọ́n, tó ń fọ̀ wọ́n, tí ọ̀bẹ gé lọ́wọ́ nílé ìdáná? Bí dókítà bá bi wọ́n léèrè, kí ni wọ́n máa sọ?"

Òun ló ní kí n kọ̀wé sí yín. Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ń ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń parí rẹ̀. Kò bá mi yí nǹkan kan padà, àfi ibì kan. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Àṣìṣe ni mo ṣe." Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ òsì tí kò tíì mọ̀wé kọ fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ kan gba orí rẹ̀ kọjá.

"Kì í ṣe àṣìṣe, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe jẹ́."

Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.